Ògiri Òpó Ẹ̀jẹ̀ àti Àwọn Ońṣẹ́ Ìdàgbà Inú Ara

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa ń gbọ́ níbikíbi tí wọ́n bá ti ń wọn ìfúnpá: "Nọ́ọ̀sì, kò sí ibi tí ń dùn mí, èé ṣe tí mo fi ní láti máa lo oògùn?" Ìbéèrè tí ó mọ́gbọ́n wá ni. Ẹni tí orí kò fọ́, tí ó lọ sí ọjà tí ó sì bọ̀, tí ó dáná tí ó sì fọṣọ, kò rí ìdí tí òun yóò fi máa gbé oògùn mì ní àràárọ̀. Ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún un ni pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara hàn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò tó. Ẹ̀kọ́ yìí yóò ṣàlàyé ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú ògiri òpó ẹ̀jẹ̀ ní gbogbo àkókò tí onítọ̀hún kò fi mọ nǹkan kan lára, kí ẹ̀yin ìyá àti gbogbo ará ilé lè mọ ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ tẹnu mọ́ oògùn.

Ọ̀rọ̀ náà kan aboyún àti ọmọ inú rẹ̀ pẹ̀lú, ní ọ̀nà tí ó lè ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. A ó dé ibẹ̀ láìpẹ́.

BÁWO NI ÒGIRI ÒPÓ Ẹ̀JẸ̀ ṢE RÍ?

Ní èdè wa, "iṣan" ni a máa ń pe òpó tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. "Iṣan" kan náà ni a sì ń pe ẹran ara tí ń súnkì tí ó sì ń nà nígbà tí a bá ń rìn tàbí tí a bá ń gbé ẹrù. Kí ọ̀rọ̀ má baà dàrú mọ́ wa lójú, "òpó ẹ̀jẹ̀" ni a ó máa pe ti àkọ́kọ́ nínú ìwé yìí, a ó sì fi "iṣan" sílẹ̀ fún èkejì.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé òpó ẹ̀jẹ̀ dàbí rọ́bà tí a fi ń fa omi láti inú táńkì, ohun tí kò ní ẹ̀mí, tí ẹ̀jẹ̀ kàn ń gba inú rẹ̀ kọjá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun alààyè ni ògiri òpó ẹ̀jẹ̀. Òpó tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn lọ sí gbogbo ara ní ìpele mẹ́ta. Ìpele inú pátápátá, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń fi ara kàn bí ó ti ń ṣàn lọ, fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ó fi jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni ó nípọn mọ. (Sẹ́ẹ̀lì ni ẹyọ tí ó kéré jù lọ nínú ohun alààyè. Bí bíríkì ti jẹ́ sí ilé ni ó jẹ́ sí ara, àfi pé bíríkì yìí ń jẹun, ó ń mí, ó sì lè bí irú rẹ̀.) Ìpele òde jẹ́ fọ́nrán líle tí ó di òpó náà mú sí ààyè rẹ̀. Ìpele àárín ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lórí: iṣan ni ó wà níbẹ̀, tí ó yí òpó ká bí ìgbà tí a fi ọ̀já gbá ikùn.

Iṣan inú ògiri yìí yàtọ̀ sí iṣan apá àti ti ẹsẹ̀. Bí a bá fẹ́ gbé garawa omi, apá yóò gbọ́ àṣẹ wa; bí a bá fẹ́ sọ ọ́ kalẹ̀, yóò gbọ́ bákan náà. Iṣan òpó ẹ̀jẹ̀ kò gba àṣẹ lọ́wọ́ wa. A lè sùn, a lè jí, iṣẹ́ rẹ̀ ni ó ń ṣe. Bí ó bá súnkì, ojú òpó yóò há, ìfúnpá yóò sì lọ sókè. Bí ó bá dẹ̀, ojú òpó yóò là, ìfúnpá yóò sì rọlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ara ṣe ń pín ẹ̀jẹ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bí ó ti nílò rẹ̀ tó: sí ikùn lẹ́yìn oúnjẹ, sí ẹsẹ̀ nígbà tí a bá ń gun òkè, sí awọ ara nígbà tí ooru bá mú.

Súnkì kí ó dẹ̀, súnkì kí ó dẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ nìyẹn. Nínú ara àgbàlagbà tí ó wà ní àlàáfíà, àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan wọ̀nyí kì í sábà bí irú wọn. Wọ́n dúró jẹ́ẹ́ sí ibi iṣẹ́ wọn. Ìpele inú, èyí tí a sọ pé ó fẹ́lẹ́ yẹn, ni ó ń mú wọn dúró jẹ́ẹ́, nítorí pé ó ń rán iṣẹ́ ìtùnú sí wọn nígbà gbogbo. Ọ̀kan nínú ohun tí ó ń rán ni atẹ́gùn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ nitric oxide, tí ń sọ fún iṣan pé kí ó dẹ̀, kí ó má sì pọ̀ sí i. Ní ọdún 1998, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà mẹ́ta, Robert Furchgott, Louis Ignarro àti Ferid Murad, gba ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí atẹ́gùn yìí.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìpele inú yìí sọ́kàn. Nígbà tí ó bá wà ní pípé, ilé tòrò. Nígbà tí ó bá fara pa, iṣan kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ìtùnú mọ́, ohun mìíràn ni yóò sì máa gbọ́.

ÀWỌN WO NI OŃṢẸ́ ÌDÀGBÀ?

Ara ènìyàn kò lè sọ̀rọ̀ láàárín ara rẹ̀ bí kò ṣe nípa ońṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì kan yóò tú ohun kan jáde, ohun náà yóò rìn dé ara sẹ́ẹ̀lì mìíràn, yóò sì bá ibì kan pàdé lójú ògiri rẹ̀ tí ó bá a mu gẹ́gẹ́ bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wọlé, sẹ́ẹ̀lì tí a ránṣẹ́ sí yóò ṣe ohun tí a ní kí ó ṣe. Oríṣiríṣi ońṣẹ́ ni ó wà. Àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti sọ fún sẹ́ẹ̀lì pé kí ó dàgbà, kí ó bí sí i, tàbí kí ó ṣí kúrò níbi tí ó wà, ni a ń pè ní ońṣẹ́ ìdàgbà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Rita Levi-Montalcini, obìnrin ọmọ Ítálì, àti Stanley Cohen, ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1986 nítorí pé wọ́n ṣàwárí àwọn àkọ́kọ́ nínú wọn.

Èròjà amáradàgbà ni ara fi ń ṣe wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò wá sí ẹnu ọ̀nà yín pé ońṣẹ́ ìdàgbà ni òun ń tà, pé kí ẹ máa mu ún ní ṣíbí kan láàárọ̀, ẹ fi owó yín ra ẹ̀wà. Inú ikùn ni yóò ti dà bí ẹ̀wà náà.

Ọ̀kan nínú àwọn ońṣẹ́ wọ̀nyí ni ó ṣe pàtàkì jù lọ fún iṣan òpó ẹ̀jẹ̀, lẹ́tà mẹ́rin ni wọ́n sì fi ń pè é: PDGF. Bí wọ́n ṣe mọ̀ pé ó wà dùn ún gbọ́. Ní ọdún 1974, Russell Ross àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Washington, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, ń tọ́jú sẹ́ẹ̀lì iṣan òpó ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ nínú àwo. (Iṣẹ́ dókítà eyín ni Ross kọ́kọ́ kọ́.) Wọ́n ṣàkíyèsí pé bí wọ́n bá fi omi ara ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì bọ́ àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, wọn a máa bí sí i wàràwàrà. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ omi ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti yọ àwọn ègé kéékèèké inú rẹ̀ kúrò kí ó tó dì, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà a kàn jókòó sójú kan. Àwọn ègé kéékèèké wọ̀nyí ni iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ojú ọgbẹ́ nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà. Nígbà tí wọ́n dá ohun tí ó wà nínú ègé náà padà sínú oúnjẹ sẹ́ẹ̀lì, ìbísí tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá mọ̀ pé inú àwọn ègé yẹn ni ońṣẹ́ náà ń gbé.

Ẹ wo ọgbọ́n tí ó wà nínú ètò yìí. Ká ní ìyá kan ń rẹ́ ilá, tí ọ̀bẹ gé e lọ́wọ́. Ojú ẹsẹ̀ ni àwọn ègé kéékèèké inú ẹ̀jẹ̀ yóò ya lu ibẹ̀ láti dí i. Bí wọ́n ti ń dí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú ońṣẹ́ PDGF jáde, òun náà yóò sì máa ké sí àwọn sẹ́ẹ̀lì àyíká pé: ẹ wá, ẹ pọ̀ sí i, ẹ tún ibí yìí ṣe. Inú àpò ni ońṣẹ́ náà wà títí ọgbẹ́ fi dé, ibi ọgbẹ́ nìkan ni a sì ti tú u jáde. Láìsí ètò yìí, egbò kì bá tí san lára wa.

Àwọn ońṣẹ́ mìíràn wà tí ń bá a ṣiṣẹ́. Òmíràn wà nínú sẹ́ẹ̀lì iṣan fúnra rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí sẹ́ẹ̀lì bá fàya ni yóò dà jáde. Òmíràn wà tí ń pàṣẹ pé kí wọ́n hun fọ́nrán líle. Ohun kan sì wà tí a ń pè ní angiotensin, tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ há nígbà tí ìfúnpá bá lọ sílẹ̀ jù; òun náà a máa ti sẹ́ẹ̀lì iṣan láti tóbi sí i bí ó bá pọ̀ jù fún ìgbà pípẹ́. Ẹ óò rí i pé díẹ̀ nínú oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń kọ fún yín, òun gan-an ni wọ́n ń dí lọ́wọ́.

NÍGBÀ TÍ ÀTÚNṢE BÁ DI ÌṢÒRO

Nígbà tí ìpele inú òpó ẹ̀jẹ̀ bá fara pa, àwọn ońṣẹ́ ìdàgbà yóò dé ọ̀dọ̀ iṣan àárín, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ yóò sì pa iṣẹ́ wọn dà. Ó dàbí ọdẹ ẹnu ọ̀nà tí ó bọ́ aṣọ iṣẹ́ sílẹ̀ tí ó di bíríkìlà. Wọn yóò pa iṣẹ́ súnkì-kí-o-dẹ̀ tì. Wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bí irú wọn. Wọn yóò ṣí kúrò ní àárín ògiri bọ̀ sí apá inú, wọn yóò sì máa hun fọ́nrán líle kalẹ̀ níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìpalára ẹ̀ẹ̀kan, iṣẹ́ yóò parí, wọn yóò sì padà sí ẹnu ọ̀nà. Àtúnṣe rere nìyẹn.

Ṣùgbọ́n bí ìpalára bá ń wáyé lójoojúmọ́ ńkọ́? Ẹ wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ agboolé tí ògiri rẹ̀ ń ṣí, tí baálé sì ń rẹ́ ẹ lọ́dọọdún láì kọ́kọ́ ha ti àtijọ́ kúrò. Ní ọdún kìíní, ó dára lójú. Ní ọdún kẹwàá, ẹni tí ó ru igbá kò lè gba ibẹ̀ kọjá mọ́ láìjẹ́ pé ó fi ẹ̀gbẹ́ rìn. Kò sí ẹni tí ó ṣe ibi kankan nínú ilé náà. Àtúnṣe ni gbogbo wọn ń ṣe.

Ẹ̀jẹ̀ tí ń fi agbára gbá ògiri wà lára ohun tí ń pa ìpele inú lára lójoojúmọ́. Èéfín sìgá àti tábà ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣúgà tí ó pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní àtọ̀gbẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rá burúkú inú ẹ̀jẹ̀ náà kò gbẹ́yìn. Ti ẹ̀jẹ̀ ríru tún ní ọ̀nà kejì. Bí ìfúnpá bá ń fa ògiri náà gbọọrọ nígbà gbogbo, sẹ́ẹ̀lì iṣan fúnra wọn yóò máa ṣe ońṣẹ́ ìdàgbà tiwọn, kí ògiri lè le tó ẹrù tí ó ń gbé. Àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ń gún iyán lójoojúmọ́ a máa yi, a máa le. Ara rí iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe, ó sì pèsè sílẹ̀ fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ó rí nínú òpó ẹ̀jẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí àtẹ́lẹwọ́ bá yi, kò dí ọ̀nà ohunkóhun. Bí ògiri òpó bá yi, ojú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni yóò há.

Híhá náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí ojú òpó bá há dé ìdajì ìbú rẹ̀ àtijọ́, ìdènà tí ẹ̀jẹ̀ yóò bá pàdé níbẹ̀ kì í ṣe ìlọ́po 2, kì í ṣe ìlọ́po 4. Ìlọ́po 16 ni. Àwọn tí ó mọ̀ nípa ìṣàn omi nínú páìpù ti mọ ìṣirò yìí láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Nítorí náà ọkàn yóò ní láti ti ẹ̀jẹ̀ kíkankíkan sí i kí ó tó lè kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tí a tì kíkankíkan yóò tún pa ògiri lára sí i, ògiri yóò tún nípọn sí i. Ẹ̀jẹ̀ ríru ń bí ògiri nínípọn, ògiri nínípọn ń bí ẹ̀jẹ̀ ríru.

Èyí gan-an ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí a fi bẹ̀rẹ̀. Kò sí ibi tí ń dunni nítorí pé kì í ṣe egbò ni ó wà níbẹ̀. Àtúnṣe ni, díẹ̀díẹ̀ ni ó sì ń wáyé, fún ọdún márùn-ún, fún ọdún mẹ́wàá. Ọjọ́ tí yóò dunni ni ọjọ́ tí ojú òpó kan bá dí tàbí tí ó bẹ́ nínú ọpọlọ, tí apá àti ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí ọjọ́ tí kíndìnrín kò lè sẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Oògùn tí ẹ ń lò nígbà tí ara yín yá kì í ṣe oògùn ìrora. Ó ń rọ ẹ̀jẹ̀ lójú kí àwọn bíríkìlà wọ̀nyẹn lè sinmi. Àwọn olùwádìí sì ti rí i pé pẹ̀lú àwọn oògùn kan, ní pàtàkì àwọn tí ń dí angiotensin lọ́wọ́, ògiri àwọn òpó tín-ín-rín a máa sunwọ̀n padà díẹ̀ bí a bá lò wọ́n déédéé fún bí ọdún kan. Ẹni tí ó lò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì tí ó sì dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ yá kò tí ì dé ibẹ̀.

Àwọn dókítà ọkàn tilẹ̀ ti fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì iṣan yìí. Ní ọdún 1977, ní ìlú Zürich ní Switzerland, Andreas Grüntzig fi bàlúù kékeré la ojú òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn tí ó há fún ìgbà àkọ́kọ́ láìla àyà aláìsàn náà. Ayọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń ṣe é fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, wọ́n rí i pé nínú ẹni mẹ́wàá, bí ẹni mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni òpó wọn tún há láàárín oṣù mélòó kan. Bàlúù fúnra rẹ̀ ti pa ògiri lára bí ó ti ń là á. Àwọn ońṣẹ́ ìdàgbà sì ti ké sí iṣan pé kí ó wá ṣe àtúnṣe. Wọ́n fi páìpù onírin tín-ín-rín dá ojú òpó dúró, iṣan tún hù gba àárín irin náà wọlé. Láti ọdún 2002 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo irin tí a fi oògùn kùn, oògùn tí ń sọ fún sẹ́ẹ̀lì iṣan pé kí ó má bí sí i. Sirolimus wà lára àwọn àkọ́kọ́. Inú iyẹ̀pẹ̀ erékùṣù Rapa Nui tí ó wà láàárín agbami òkun Pàsífíìkì ni wọ́n ti rí kòkòrò kékeré tí ń ṣe é. Irin yìí wọ́n gan-an. Àwa kò sọ ọ́ kí ẹ lè máa wá owó rẹ̀, bí kò ṣe kí ẹ lè mọ̀ pé ohun tí oògùn ojoojúmọ́ ń gbìyànjú láti dènà kì í ṣe àròsọ.

ÒPÓ Ẹ̀JẸ̀ INÚ ILÉ ỌMỌ

Títí di ibi tí a dé yìí, ògiri tí ń nípọn tí ó ń há ni a ń sọ. Ìgbà kan wà tí ara ń fẹ́ òdìkejì rẹ̀, tí iṣan inú ògiri gbọ́dọ̀ kúrò lọ́nà pátápátá kí ojú òpó lè là gbayawu. Ìgbà oyún ni.

Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kan wà nínú ògiri ilé ọmọ tí wọ́n lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Kí obìnrin tó lóyún, tín-ín-rín ni wọ́n, iṣan sì wà lára wọn tí ó lè fún wọn pọ̀. Nígbà tí oyún bá dúró, sẹ́ẹ̀lì láti ara olóbi, èyí tí a tún ń pè ní ibi ọmọ, yóò wọ inú ògiri àwọn òpó yìí, yóò sì gba ipò iṣan tí ó wà níbẹ̀. Òpó tí ó ti jẹ́ tín-ín-rín yóò wá di gbígbòòrò bí ẹnu àrọ, kò sì ní lè fún pọ̀ mọ́, kódà bí ẹ̀rù ba ìyá tàbí bí inú bí i. Iṣẹ́ yìí sábà máa ń parí nígbà tí oyún bá fi pé ogún ọ̀sẹ̀. Nígbà tí oyún bá wọ oṣù ìbí, ẹ̀jẹ̀ tí ń gba inú ilé ọmọ kọjá ní ìṣẹ́jú kan ṣoṣo a máa ju ìdajì lítà lọ. Inú ẹ̀jẹ̀ yẹn ni ọmọ ti ń rí oúnjẹ àti afẹ́fẹ́.

Nínú àwọn oyún kan, iṣẹ́ yìí kì í parí. Iṣan ṣì wà lára ògiri, òpó ṣì há, ebi ẹ̀jẹ̀ sì ń pa olóbi. Olóbi náà ní ońṣẹ́ ìdàgbà tirẹ̀ tí ó ń rán sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá láti mú kí ìpele inú òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà ní àlàáfíà. Nígbà tí ìyà bá ń jẹ ẹ́, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun mìíràn jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sFlt-1. Ohun yìí a máa dá àwọn ońṣẹ́ náà lọ́nà, a máa gbá wọn mú kí wọ́n tó jíṣẹ́. Ní ọdún 2003 ni Ananth Karumanchi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Boston fi èyí hàn. Nígbà tí ońṣẹ́ kò bá dé mọ́, ìpele inú òpó ẹ̀jẹ̀ ìyá yóò ṣàìsàn, kì í ṣe nínú ilé ọmọ nìkan, bí kò ṣe káàkiri ara. Kò ní lè tu iṣan nínú mọ́. Òpó yóò súnkì, ìfúnpá yóò ròkè, èròjà amáradàgbà yóò máa bá ìtọ̀ jáde. Àìsàn tí ń ṣáájú gìrì aboyún nìyí.

A ti gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń pè é ní iṣẹ́ ayé tàbí ìjà orogún. Ẹ jẹ́ kí orogún sinmi. Inú olóbi ni ó ti wá, ìyá náà kò sì ṣe ohunkóhun láti fà á.

Bí aboyún tí oyún rẹ̀ ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀ bá ní orí fífọ́ kíkankíkan tí kò lọ, bí ojú rẹ̀ bá ń ṣú tàbí tí ó ń rí ohun tí ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, bí òkè ikùn bá ń dùn ún lábẹ́ egungun ìhà, tàbí bí ojú àti ọwọ́ rẹ̀ bá ṣàdédé wú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má dúró de ọjọ́ ìpàdé aboyún. Bí gìrì bá ti mú un, ẹ dà á dùbúlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ kó ohun líle kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ má fi ṣíbí tàbí ohunkóhun sí i lẹ́nu, ẹ má sì da àgbo tàbí epo sí i lọ́fun. Abẹ́rẹ́ kan wà ní ilé ìwòsàn, magnesium sulphate, tí kò wọ́n. Àyẹ̀wò ńlá tí wọ́n ṣe pẹ̀lú obìnrin tí ó lé ní 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002, fi hàn pé ó dín ewu gìrì kù ju ìdajì lọ fún àwọn tí àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀ lára wọn. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ kò lè rìn wá bá aboyún nílé.

OHUN TÍ ILÉ KỌ̀Ọ̀KAN LÈ ṢE

Ẹ tètè forúkọ sílẹ̀ fún ìtọ́jú oyún, kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ méjìlá. A mọ̀ pé àwọn ìyá wa kan kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ kí ikùn tó yọ. Ẹ lè fi pamọ́ fún aládùúgbò; ẹ má fi pamọ́ fún agbẹ̀bí. Ìdí kan ni pé a ní láti mọ iye tí ìfúnpá yín jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí a lè mọ̀ bí ó bá yí padà. Ìdí kejì ni pé iṣẹ́ inú ògiri ilé ọmọ tí a ṣàlàyé rẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ ní àkókò yẹn. Dókítà lè rí i pé ó yẹ kí ẹ máa lo aspirin kékeré lójoojúmọ́, èyí tí kì í jẹ́ kí àwọn ègé inú ẹ̀jẹ̀ máa tètè lẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá ti kọjá ogún ọ̀sẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Ẹ sọ fún wọn bí ó bá jẹ́ oyún àkọ́kọ́ ni, bí ìbejì bá wà nínú rẹ̀, bí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti ru rí nínú oyún, tàbí bí ó bá ṣẹlẹ̀ sí ìyá yín tàbí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin. Ẹ má fúnra yín lọ ra á ní kẹ́míìsì.

Ìyá tí ó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó tó lóyún gbọ́dọ̀ sọ orúkọ oògùn tí ó ń lò. Lisinopril, ramipril, losartan àti irú wọn dára fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n wọ́n lè ṣe ọmọ inú ní ìjàǹbá. Àwọn oògùn mìíràn wà tí wọ́n ti ń lò fún aboyún láti ọjọ́ pípẹ́, bíi methyldopa àti nifedipine. Nítorí èyí ni a fi ń kìlọ̀ pé kí tọkọtaya tàbí ìyá àti ọmọ má máa pín oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lò.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọn ìfúnpá, ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ẹ̀yìn ti àga, kí apá wà ní ọ̀gangan àyà, kí ẹ má sì sọ̀rọ̀. Bí ó bá ń jẹ́ 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Aboyún tí tirẹ̀ bá dé 140 lórí 90 kò gbọ́dọ̀ kúrò ní ilé ìwòsàn láìjẹ́ pé wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò.

Ní ti oúnjẹ, gbogbo iyọ̀ tí ẹnì kan yóò jẹ lójúmọ́ kò yẹ kí ó ju ṣíbí ìmutíì kan lọ, tòun ti èyí tí ó wà nínú mágí, nínú ẹja oníyọ̀ àti nínú búrẹ́dì. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń ran òpó ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ láti dẹ̀. Ní ti sìgá, ẹ̀yin bàbá ni a ń bá wí: èéfín tí ẹ tú sínú yàrá kì í yan ẹni tí yóò wọ̀ lára.

Lẹ́yìn ìbímọ, ọ̀pọ̀ ìyá rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nítorí pé olóbi ti jáde. Gìrì ṣì lè mú ìyá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí, nítorí náà ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru nínú oyún gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n tún ìfúnpá rẹ̀ wọ̀n láàárín ọ̀sẹ̀ náà, kí ó sì tún padà wá ní ọ̀sẹ̀ kẹfà nígbà tí ó bá ń gbé ọmọ wá. Ìwádìí ti fi hàn pé ewu àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fún irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ iwájú, nítorí náà kí ó máa wọn ìfúnpá rẹ̀ ní ọdọọdún. Kí ó tọ́jú káàdì oyún náà, kí ó má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ṣeré. Bí ó bá wọ ilé ìwòsàn mìíràn ní ogún ọdún sí i, kí ó fi han dókítà ibẹ̀, kódà bí wọn kò bá bèèrè.